Ibùsùn Méjì Nínú Yàrá Kan

"Ọkùnrin! Ọkùnrin rèé o!"

Ariwo Túndùn gba ọ̀dẹ̀dẹ̀ họ́sítẹ́lì náà kan. Ọkùnrin ọ̀hún, baba arúgbó kan tó gbé páìpù dání, ta gìrì, ó lẹ̀ mọ́ ògiri bí ẹni tí ọlọ́pàá dá dúró.

"Ẹni tó wá tún páìpù ṣe ni, mà," ni Sharon wí. Sharon ni akẹ́kọ̀ọ́ tí kọ́lẹ́ẹ̀jì yàn láti mú wọn káàkiri. McKinney, nítòsí Dallas ní Amẹ́ríkà, ni àwọn òbí rẹ̀ tó jẹ́ Yorùbá bí i sí. Ó ń gbọ́ Yorùbá, ṣùgbọ́n tó bá fẹ́ sọ ọ́, ńṣe ni ahọ́n rẹ̀ máa ń rìn bí ẹni tó wọ bàtà ẹlòmíràn.

"Kọ́lẹ́ẹ̀jì àwọn obìnrin ni wọ́n pè é fún mi! Ṣé kò sí obìnrin tó mọ páìpù tún ṣe ní gbogbo Dallas ni?" Àfi bí Túndùn ṣe rí ewú orí baba náà. Kó tó mọ̀, orúnkún rẹ̀ ti kan ilẹ̀. "Ẹ má bínú, bàbá. Ẹ kúuṣẹ́ o."

Jọlá, ọmọ rẹ̀, ń wo àjà.

Wíwò lásán ni wọ́n wá wo họ́sítẹ́lì, nítorí Túndùn ti parí ọ̀rọ̀ náà nínú ara rẹ̀. Kọ́lẹ́ẹ̀jì yìí kò jìnnà sí Balch Springs tí wọ́n ń gbé. Bí wọ́n bá gba Jọlá wọlé, láti ilé ni yóò ti máa lọ, ilé ni yóò sì máa padà sí. Ẹnu iṣẹ́ alẹ́ ló ti bọ́ síbẹ̀ láàárọ̀ yẹn, pẹ̀lú aṣọ nọ́ọ̀sì lọ́rùn, láìfojú kan oorun.

Láti ẹnu géètì ló ti ń gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu ọmọ.

"Jọlá, kí lo fẹ́ kọ́?" ni Sharon béèrè.

"Nọ́ọ̀sì," ni Túndùn dáhùn.

"Kí lo máa ń ṣe tí ọwọ́ rẹ bá dilẹ̀?"

"Ọwọ́ rẹ̀ kì í dilẹ̀."

Bí wọ́n ṣe tọ́ òun náà nìyẹn: níwájú àlejò, ìyá ni ẹnu ọmọ.

Sharon ṣí yàrá kan. Ibùsùn méjì ló wà níbẹ̀, wọ́n kọjú síra wọn. "A máa ń béèrè bí èèyàn ṣe ń sùn," ló wí, "ká lè mọ ẹni tá a máa fi sí yàrá kan náà pẹ̀lú rẹ̀. Jọlá, ṣé o máa ń—"

"Bí òkúta ló ń sùn!" Túndùn ti já a gbà. "Láti ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ló ti ní yàrá tirẹ̀. Òun nìkan! Èmi tí èmi àtàwọn àbúrò mi ń jìjàdù orí ẹní kan ṣoṣo! Á pa iná, á ti ilẹ̀kùn, ó di àárọ̀."

"Mi ò kì í sùn, Mọ́mì."

Túndùn rẹ́rìn-ín. "Kí lo wí?"

"Mi ò kì í sùn." Jọlá jókòó sí etí ibùsùn. Kò bínú rárá, ohun tó sì bani lẹ́rù nínú ọ̀rọ̀ náà nìyẹn. "Tẹ́ ẹ bá ti lọ síbi iṣẹ́, mo máa ń tan gbogbo iná. Mo máa ń tan tẹlifíṣọ̀n kí n lè máa gbọ́ ohùn èèyàn. Tí mo bá ti gbọ́ kọ́kọ́rọ́ yín lẹ́nu ọ̀nà, màá sáré pa gbogbo ẹ̀. Lọ́dọ̀ Màmá ní Ìsẹ́yìn, ẹ̀yìn wọn ni mo máa ń fẹsẹ̀ tì. Wọ́n máa ń hanrun. Mọ́mì, ibí ni mo fẹ́ máa gbé. Ẹ jọ̀ọ́, mà."

Sharon ní òun fẹ́ lọ wo páìpù. Ó sì jáde bí ẹni pé páìpù náà pè é lórúkọ.

Jọlá kò tíì lè rákò tí Túndùn ti fi í ránṣẹ́ sí Màmá, ìyá tó bí òun fúnra rẹ̀, ní Ìsẹ́yìn. Ta ni kò ṣe bẹ́ẹ̀? Bridget, aládùúgbò wọn, fi ọmọ méjì ránṣẹ́. Ilé ẹ̀kọ́ lọ́sàn-án, iṣẹ́ lóru, ta ni yóò gbé ọmọ? Nígbà tí nǹkan sì rọ̀ díẹ̀, ó mú un padà wá, ó kun yàrá kan fún un, ó sì faramọ́ iṣẹ́ alẹ́ kí àwọn má baà pàdánù yàrá náà. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ titun wọ́. Bí àgbà bá wá wà lẹ́nu iṣẹ́ alẹ́ ńkọ́?

Túndùn jókòó sórí ibùsùn kejì, ó kọjú sí fèrèsé, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í to ọ̀rọ̀ jọ. Yóò bẹ̀rẹ̀ láti orí oyún. Yóò fi òtútù ọdún tó bí i kún un, yóò fi orúkọ Màmá búra, omijé yóò sì ti bọ́ kó tó dé ìdajì. Ọ̀rọ̀ tó pé. Ó nu imú, ó yíjú padà láti sọ ọ́.

Jọlá ti sùn lọ.

Ó sùn gbalaja, tòun ti bàtà lẹ́sẹ̀. Èémí rẹ̀ ń lọ, ó ń bọ̀, pẹ̀lú ìró kékeré kan láàárín, bí ti kẹ́tùlù tí omi rẹ̀ kò tíì hó. Lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, a máa payín keke.

Iṣẹ́ Túndùn ni èémí. Láti ọ̀dẹ̀dẹ̀ ọsibítù, nínú òkùnkùn, etí rẹ̀ mọ èémí aláìsàn tó ń sun oorun ire yàtọ̀ sí ti ẹni tí wàhálà ń bọ̀ wá bá. Èyí tó wà níwájú rẹ̀ yìí, kò gbọ́ ọ rí.

Sharon yọ orí sí ẹnu ilẹ̀kùn. "Mà, irú ẹni wo ni ká fi sí yàrá pẹ̀lú—"

Túndùn fi ìka lé ètè.

"Ẹni tó ń hanrun," ló wí wúyẹ́wúyẹ́. "Kó mọ̀ ọ́n han dáadáa."

"Ṣé kí n jí i, mà?"

"Rárá o."

Sharon rọra pa ilẹ̀kùn dé. Túndùn sún mọ́ ọmọ náà díẹ̀, ó dẹ etí sílẹ̀, ó ń wo ẹnu rẹ̀ tó là díẹ̀ bí ìgbà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé e lé òun lọ́wọ́.