Aṣọ Kroṣé Orí Ẹ̀rọ Géèmù

Ìyá wọn ló fi aṣọ kroṣé bo ẹ̀rọ géèmù bí wọ́n ti ń bo tẹlifíṣọ̀n. Ooru abẹ́ aṣọ náà mú kí wáyà pẹlẹbẹ tí ń gbé ohun tó wà lórí sídíì géèmù já nínú ẹ̀rọ náà. Olúmúyìwá ń pààrọ̀ rẹ̀, kí Fèyísọ́lá, àbúrò rẹ̀, lè bá a gbá bọ́ọ̀lù inú géèmù lẹ́ẹ̀kan sí i kó tó lọ sílùú òyìnbó.

"Bọ̀dá mi, gbogbo físíìsì tí ẹ kà, géèmù lẹ fi ń tún ṣe?"

"Iṣẹ́ tí ìjọba ológun fi sílẹ̀ fún físíìsì nìyẹn."

Sídíì yí. Wọ́n gbá a bí wọ́n ti ń gbá a nígbà tí ìjọba ti yunifásítì pa. Fèyísọ́lá fi góòlù mẹ́ta nà án.

Nígbà tí mọ́tò gbé Fèyísọ́lá lọ tán, Olúmúyìwá mú aṣọ kroṣé náà, ó sì fi bo ẹ̀rọ náà dáadáa; kò sẹ́ni tí yóò bá a gbá a mọ́.