Ọfà Ara Táyà

Ọdún mẹ́sàn-án ni Wàhábì fi kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ Àjàmú ní Ẹ̀jìgbò, iṣẹ́ títo ẹsẹ̀ ọkọ̀ tí àwọn awakọ̀ ń pè ní aláìnmẹ́ǹtì. Àjàmú kò ní ẹ̀rọ kankan. Okùn méjì ló máa ń ta sí ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀, lọ́tùn-ún lósì, yóò fi rúlà wọn àlàfo tó wà láàárín okùn àti ríìmù, yóò sì máa yí nọ́ọ̀tì títí ẹsẹ̀ yóò fi tọ́. Iṣẹ́ rẹ̀ dáa, ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ le. Lọ́jọ́ tí Wàhábì gbàgbé láti de nọ́ọ̀tì kan, Àjàmú gbé ríìmù lé e lórí, ó ní kó kúnlẹ̀ sétí títì láti ìgbà tí wọ́n kírun ọ̀sán títí di ìgbà tí wọ́n kírun ìrọ̀lẹ́. Àwọn tó ń kọjá ń fi í rẹ́rìn-ín.

Nígbà tí Wàhábì gba òmìnira, ó lọ sí Àbíjàn. Ó padà dé pẹ̀lú ẹ̀rọ kọ̀ǹpútà tó ń to ẹsẹ̀ ọkọ̀, ó sì ṣí ṣọ́ọ̀bù sójú ọ̀nà Masifa. Nígbà yẹn, ojú Àjàmú ti ń ṣe bàìbàì. Ràshídátù ọmọ rẹ̀ ló ń bá a ka rúlà àti géèjì, ẹnikẹ́ni kò sì mọ̀.

Ọ̀dọ́mọkùnrin ìlú náà kan, Ayọ̀díjí, náà ti Àbíjàn dé. Ó ní ọkọ̀ eré onílẹ̀kùn méjì, òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ sì da ọ̀dà sí pápá eré ọkọ̀ kan lọ́nà Ifẹ̀-Ọ̀dàn. Àjàmú ló gbé iṣẹ́ fún, nítorí pé òun ló ń to ọkọ̀ bàbá rẹ̀ láyé àtijọ́. Àjàmú jẹ́ kí orí táyà iwájú méjèèjì tẹ̀ sínú díẹ̀ kí ọkọ̀ lè di kọ́nà mú. Ó dín afẹ́fẹ́ kù, torí táyà tó bá gbóná lórí pápá, afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ á tún le sí i.

Àárọ̀ ọjọ́ ìdíje, òjò rọ̀. Ayọ̀díjí ní kí wọ́n pààrọ̀ táyà sí ti òjò. Ọfà kan wà lára irú táyà bẹ́ẹ̀ tó ń fi ibi tó yẹ kó máa yí sí hàn. Bí wọ́n bá dè é lódì, kò ní lè ti omi kúrò lábẹ́ ara rẹ̀. Ràshídátù ti lọ kí àbúrò rẹ̀ tó bímọ ní Masifa. Àjàmú kò dúró dè é. Òun nìkan ló de gbogbo rẹ̀, ti ọ̀tún iwájú sì bọ́ sósì, ti òsì bọ́ sọ́tùn-ún.

Bí Ràshídátù ti ń sọ̀ kalẹ̀ lórí ọ̀kadà ní pápá eré, ó rí Wàhábì tó wá wòran, tó dọ̀bálẹ̀ kí Àjàmú.

“Ẹ kú iṣẹ́, ọ̀gá mi.”

Wàhábì lóṣòó ti táyà iwájú, ó fi àtàǹpàkò tọ ara táyà náà, ó lọ wo ẹ̀gbẹ́ kejì, ó sì dìde.

“Ọwọ́ yín ṣì ń bẹ níbẹ̀, sà. Ẹsẹ̀ ọkọ̀ ti tọ́.”

Kí Ràshídátù tó sún mọ́ ọkọ̀, Ayọ̀díjí ti gbéra. Ní kọ́nà kẹta, omi dúró lójú ọ̀nà. Ó yí sítíárìn, ọkọ̀ kò gbọ́. Ó já wọ inú oko iṣu, ó yí lẹ́ẹ̀mejì. Apá ọ̀tún Ayọ̀díjí ni wọ́n kọ́kọ́ rí, egungun ti yọ síta.

Nígbà tí wọ́n gbé e lọ sí ọsibítù tán, Wàhábì mú Àjàmú lọ́wọ́ lọ sídìí ọkọ̀ náà. Gbogbo èrò tẹ̀ lé wọn.

“Ẹ má bínú, ọ̀gá mi. Ẹ bá wa wo ọfà yìí. Ibo ló kọjú sí?”

Àjàmú bẹ̀rẹ̀, ó ń fọwọ́ wá ara táyà. “Iwájú ni.”

“Ẹ fara balẹ̀ wò ó, sà.”

“Mo ní iwájú ni.”

“Kò burú, sà. Ìka mélòó ni mo nà yìí?”

Ọwọ́ Wàhábì méjèèjì wà nínú àpò ṣòkòtò rẹ̀. Àjàmú gbójú sókè, ó ń ṣẹ́jú.

“Mẹ́ta,” ó ní.

Wọ́n bú sẹ́rìn-ín. Ẹnì kan ní kí wọ́n lọ fún afọ́jú náà ní igbá. Àjàmú fẹ́ rìn kúrò níbẹ̀, ó kọ lu jáàkì, fìlà rẹ̀ jábọ́.

Ràshídátù bá Wàhábì níbi tó ti ń wọ ọkọ̀ rẹ̀.

“Bọ̀dá Wàhábì, mo rí yín nígbà tí ẹ̀ ń fọwọ́ tọ ọfà yẹn. Ẹ ti rí i kí ọkọ̀ tó gbéra.”

“Ẹni tó gbaṣẹ́ ló yẹ kó ríran,” Wàhábì ní. “Lọ bá bàbá ẹ wá fìlà ẹ̀.”

Láti ọjọ́ náà, kò sí ẹni tó gbé ọkọ̀ wá sọ́dọ̀ Àjàmú mọ́. Apá Ayọ̀díjí jiná, ṣùgbọ́n kò nà mọ́. Ọ̀dọ̀ Wàhábì ló gbé ọkọ̀ rẹ̀ lọ fún àtúnṣe.

Oṣù méjì ni Ràshídátù fi pa ọ̀rọ̀ náà mọ́ra. Nígbà tó rí i pé bàbá òun kì í fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹun mọ́, ó rò pé òtítọ́ lè mú ọkàn rẹ̀ fúyẹ́, ó sì sọ ọ́.

Àjàmú ti àwo oúnjẹ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

“Ó rí i, ó wá panu mọ́?”

“Bẹ́ẹ̀ ni, sà.”

“Ọ̀dọ̀ mi ló ti kọ́ ọ,” ó ní. “Ká ní èmi ni mo rí irú rẹ̀ lára iṣẹ́ tiẹ̀, n ò ní sọ.”

Ó ní kó bá òun bu omi àlùwàlá wá. Ràshídátù kò tètè dìde.