Orí Màlúù ní Gbọ̀ngàn Hvamby

Ní ìparí oṣù karùn-ún ọdún 1992, koríko ẹ̀yìn ilé Dagny ti ga dé orúnkún. Ẹni tó bá sì ní màlúù méje mọ̀ pé koríko tí a kò bá gé kí ó sì gbẹ kí òjò tó dé, ebi ìgbà òtútù ló ń fi ránṣẹ́. Dagny kò ní katakata. Láti ọdún mọ́kànlá tí ọkọ rẹ̀ ti kú, Villads, àbúrò Dagny, ló ń bá a gé e. Villads ní ọgọ́fà màlúù, òun náà sì ni alága ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù oníwàrà Hvamby.

Lọ́jọ́ ìpàdé, Villads fà á sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan níbi tí wọ́n ń gbé kẹ̀kẹ́ sí.

"Ẹ̀gbọ́n mi, mo bẹ̀ yín, ẹ jẹ́ kí ẹnu yín sinmi lónìí. A fẹ́ gbé e sínú ìwé ìròyìn pé ẹgbẹ́ wa ní kí Dẹ́nímáàkì gba àdéhùn ìṣọ̀kan Yúróòpù yìí nínú ìbò gbogbo orílẹ̀-èdè tó ń bọ̀. Àwọn tó ń ra bọ́tà wa ń wò wá."

"Bí mo bá sọ̀rọ̀ ńkọ́?"

"Kí ẹ yáa wá ẹlòmíì tí yóò bá yín gé koríko."

Ó rẹ́rìn-ín bí ẹni tó ń ṣeré. Ṣùgbọ́n Dagny ló gbé e jó nígbà tó wà lọ́mọ ọwọ́. Ó mọ ẹ̀rín rẹ̀ tí kì í ṣe ẹ̀rín.

Wọ́n wọlé, wọ́n bu kọfí, wọ́n kọrin. A kì í bẹ̀rẹ̀ ìjà ní Hvamby láì kọ́kọ́ kọrin. Lókè ẹnu ọ̀nà ni pákó tí àwọn baba wọn fín ọ̀rọ̀ sí lọ́jọ́ tí wọ́n dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ wà: ORÍ ÈNÌYÀN LÀ Ń KÀ, A KÌ Í KA ORÍ MÀLÚÙ. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé ẹni tó ní màlúù kan àti ẹni tó ní igba, ìbò kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ní.

Villads ka ìwé rẹ̀: ọjà yóò gbòòrò, ohùn orílẹ̀-èdè kékeré yóò ròkè. Bàbá Jeppe, arúgbó tó ní màlúù mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, nawọ́ sókè.

"Alága, bí kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ bá pe adìẹ sẹ́gbẹ́, ta ni wọn yóò fi ṣe akápò?"

Gbọ̀ngàn bú sẹ́rìn-ín.

"Bàbá Jeppe," ni Villads wí, "ẹ̀yin tí ẹ kò jáde ní Hvamby rí àfi ọjọ́ tí ẹ lọ fa eyín, ẹ̀yin lẹ fẹ́ kọ́ wa ní ọ̀rọ̀ ayé?"

"Eyín tí mo fà náà ni mi ò fi lè jẹ ìṣọ̀kan yín. Ó le jù."

Wọ́n tún rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín kì í ṣe ìbò. Dagny rí i pé ọwọ́ àwọn ènìyàn ti ń múra láti nà sókè fún Villads, bí wọ́n ti máa ń ṣe. Ó rí koríko rẹ̀ pẹ̀lú, ó dúró gbagidi lójú rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ó ti gba ìwé àdéhùn náà lọ́fẹ̀ẹ́, ó sì ti kà á tán nídìí tábìlì ìdáná, bí ẹni ń ṣa òkúta lára èrèé. Ó dìde.

"Alága, ìbéèrè kékeré ni. Níbi tí àwọn ìjọba Yúróòpù ti ń pàdé, ìbò mélòó ni tiwa?"

"Mẹ́ta."

"Ti Jámánì?"

"Mẹ́wàá."

"Lábẹ́ àdéhùn tuntun yìí, ọ̀rọ̀ tí wọ́n lè fi ìbò borí wa lé lórí, ṣé yóò pọ̀ sí i ni àbí yóò dín?"

"Yóò pọ̀ sí i díẹ̀."

"Kí ni wọ́n wá ń kà níbẹ̀? Ṣé orí ènìyàn ni, àbí orí màlúù?"

Ojú Villads pọ́n bí ẹ̀jẹ̀. "Dagny, ìwọ náà ronú! Ẹni tó ní màlúù méje kò lè retí kí ohùn òun dọ́gba pẹ̀lú ti ẹni tó ní ọgọ́fà!"

Orílẹ̀-èdè ni Villads ní lọ́kàn, gbogbo wọn ló mọ̀. Ṣùgbọ́n abẹ́ pákó yẹn ló ti sọ ọ́, fún ogójì ènìyàn tí èyí tó pọ̀ jù nínú wọn kò ní tó ọgbọ̀n màlúù, ó sì sọ ọ́ sí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lójú, ó pè é ní "ìwọ".

Bàbá Jeppe gbé ife kọfí rẹ̀ sílẹ̀. "Alága, tún un wí. Etí ti ń dùn mí."

"Ohun tó wà lọ́kàn mi ni pé—"

"A ò béèrè tọkàn rẹ. Tẹnu rẹ la gbọ́."

Wọ́n dìbò. Mẹ́sàn-án ní bẹ́ẹ̀ ni, mọ́kànlélọ́gbọ̀n ní bẹ́ẹ̀ kọ́. Villads ká ìwé rẹ̀, ó jáde, kò wo ẹnikẹ́ni.

Lọ́jọ́ kejì oṣù kẹfà tí gbogbo Dẹ́nímáàkì dìbò lórí àdéhùn náà, Villads wà lára àwọn tó ń pín ìwé ìdìbò nílé ẹ̀kọ́ Hvamby.

"Kí lorúkọ yín?" ni ó bi Dagny.

"O ò mọ̀ mí ni?"

"Orúkọ àti ọjọ́ ìbí yín, ìyá. Èrò wà lẹ́yìn yín."

"Dagny Østergaard. Ọjọ́ kẹrin oṣù kẹta, 1929. Ọdọọdún lo máa ń wá jẹ kéèkì rẹ̀."

Villads fi rúlà fa ìlà sí orúkọ náà, ó na ìwé sí i.

"Koríko ńkọ́, Villads?" Ó rẹ ohùn sílẹ̀.

"Ibí kì í ṣe oko. Ẹni tó kàn!"

Dagny wọ ẹ̀yìn aṣọ ìkélé, ó fi pẹ́ńsù fa àgbélébùú sí bẹ́ẹ̀ kọ́, ó tẹ̀ ẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí ìwé fẹ́rẹ̀ẹ́ ya.

Lówùúrọ̀ ọjọ́ tó tẹ̀lé e, rédíò ní bẹ́ẹ̀ kọ́ ló borí, pẹ̀lú ìwọ̀nba ìbò díẹ̀. Àwọn kan ń fun fèrè mọ́tò lójú títì. Dagny kò ráyè ayọ̀. Katakata Villads ló ń gbọ́. Ó ń gé koríko Villads bọ̀, ó dé ààlà oko Dagny, ó ṣẹ́rí padà.

Dagny gbé dòjé gígùn. Ọjọ́ mẹ́rin ló fi gé e, títí apá rẹ̀ kò fi lè gbé ife mọ́. Lọ́jọ́ karùn-ún, òjò ti inú òkun dé, ó sì ba ìyókù jẹ́. Ó fojú wọn èyí tó ti gbẹ nínú ahéré. Oúnjẹ màlúù mẹ́rin ni. Ó tẹ alágbàtà màlúù láago.

Nígbà tí mọ́tò wá kó mẹ́ta, Villads dúró sáàárín ọ̀nà, ọwọ́ rẹ̀ wà lápò.

"Ṣé ẹ rí i báyìí? Ṣé bẹ́ẹ̀ kọ́ yín yẹn ni wọn yóò máa jẹ nígbà òtútù?"

"Mẹ́rin yóò jẹun," ni Dagny wí. "Kúrò lọ́nà, Villads. Mọ́tò fẹ́ kọjá."