Àdéhùn Odò Àlàdé

Lọ́jọ́ tí ilé-iṣẹ́ afọ́kùúta fi wáyà yí odò Àlàdé ká, òfìfo garawa ni Hàlímọ̀ gbé padà sí abúlé wa, láàárín Tápà àti Lanlate. Omi odò náà là ń mu. Òun náà sì ni Hàlímọ̀ fi ń rẹ ẹ̀gẹ́ tó fi ń ṣe láfún. Ẹ̀ṣọ́ ẹnu géètì sọ fún un pé ìjọba ìbílẹ̀ ló buwọ́ lùwé fáwọn.

Ó lọ bá Bámiṣẹ́, akọ̀wé káńsù.

"Ẹ jọ̀ọ́ ọ̀gá, kí ló wà nínú ìwé náà?"

"Àdéhùn àṣírí ni, Màmá Rùkáyyàh. A kì í fi han ará ìta."

"Ta wá ni ará ìta? Ṣé àwa tá a ni odò ni, àbí àwọn tó dé lánàá?"

Bámiṣẹ́ rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní ìdàgbàsókè ń bọ̀. Irọ́ ni, ó ti dé; òun ló ti omi mọ́ wa.

Keturah, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, bá a kọ lẹ́tà, ó ní òfin fún aráàlú láṣẹ láti rí ìwé ìjọba. Oṣù mẹ́ta kọjá kí èsì tó dé, pẹ̀lú ẹ̀dà àdéhùn náà. A péjọ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ Keturah láti gbọ́ ọ.

"Ẹ kà á sí wa létí, Tíṣà."

Keturah ṣí ojú ìwé kìíní, ó ṣí èkejì. Wọ́n ti fi tàdáwà dúdú pa gbogbo rẹ̀ rẹ́: orúkọ ilé-iṣẹ́, iye ọdún, àní orúkọ odò pàápàá. Ohun tí wọ́n ṣẹ́ kù kò ju "fún àǹfààní gbogbo aráàlú" àti ọwọ́ tí Bámiṣẹ́ fi sí i.

Àwọn obìnrin rẹ́rìn-ín. Hàlímọ̀ ò rẹ́rìn-ín ní tiẹ̀. Ó ká ìwé náà sí gèlè rẹ̀.

Nígbà tí Bámiṣẹ́ wá ṣèpàdé ní abúlé, tó ń sọ̀rọ̀ ìjọba tí kò fi nǹkan pa mọ́, Hàlímọ̀ dìde, ó na ìwé náà sí i.

"Ẹ̀yin lẹ kọ ọ́. Ẹ bá wa kà á."

Bámiṣẹ́ gbà á, ó yí i síwá sẹ́yìn. Ó ní òun gbàgbé gíláàsì òun sí ọ́fíìsì.

Gíláàsì ọ̀hún wà lójú rẹ̀. À ń wò ó ṣáá, títí ó fi jókòó.

Kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, wọ́n ṣí ọ̀nà tóóró kan lára wáyà fún àwọn apọnmi. Hàlímọ̀ ló kọ́kọ́ gba ibẹ̀ wọlé. Àmọ́ títí dòní, a ò tíì mọ iye ọdún tí wọ́n fi odò wa tọrẹ. Bámiṣẹ́ ní tiẹ̀ ti gba ìgbéga lọ sí Ìbàdàn. Ó dájú pé tàdáwà pọ̀ níbẹ̀.