Ọkọ Tuntun Tí Ilé Iṣẹ́ Owó Orí Fún Mi

Akọ̀wé tó wà lẹ́yìn gíláàsì ló bi mí pé kí ni orúkọ ọkọ mi tuntun. Mo ní kó tún un sọ, ó sì tún un sọ, ohùn rẹ̀ kò le, kò sì rọ̀. Ọdún méjìdínláàádọ́rin ni mo ti lò láyé. Orúnkún mi ń ké bí mo bá jókòó, ó tún ń ké bí mo bá dìde. Wákàtí mẹ́ta ni mo ti fi dúró de nọ́ńbà mi lórí àga oníke, àfi bí mo ṣe dédé di ìyàwó ojú ọ̀nà.

"Ọmọ mi," mo ní, "ta ló fẹ́ mi?"

"Ohun tí mò ń bi yín nìyẹn, mà."

Ó gbé ìwé méjì lé ojú gíláàsì kí n lè rí wọn. Fọ́ọ̀mù tí mo fi ránṣẹ́ lọ́dún tó kọjá ni, àti ti ọdún tó ṣáájú rẹ̀. Àpótí mẹ́rin ló wà níbẹ̀: ẹni tí kò tíì lọ́kọ, ẹni tó lọ́kọ, ẹni tó ti kọ ọkọ sílẹ̀, opó. Wọ́n ti fi báírò dúdú fa igi sínú àpótí kejì lórí ìwé méjèèjì, ó gún régé.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé. Ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n ni ọkọ mi fi ṣiṣẹ́ nílé iṣẹ́ omi, nídìí ẹ̀rọ tó ń fa omi sókè. Nígbà tó kú, ìdajì owó ìfẹ̀yìntì rẹ̀ di tèmi. Òfin ní kí wọ́n dín owó orí kù lórí irú owó bẹ́ẹ̀ fún opó, níwọ̀n ìgbà tí kò bá tíì fẹ́ ẹlòmíràn. Bó bá fẹ́ ẹlòmíràn, owó orí á gòkè, tó bá sì yá, wọ́n á dá owó ìfẹ̀yìntì náà dúró pátápátá. Ìwé ikú ọkọ mi wà nínú fáìlì wọn. Wọ́n rí i pé ó ti kú, wọ́n tún rí i pé mo lọ́kọ. Wọ́n bá fún mi lọ́kọ mìíràn.

Ọdún méjì ni wọ́n fi ń yọ ìdámẹ́ta owó yẹn lóṣooṣù. Mo rò pé bí ìjọba ṣe ń ṣe nìyẹn. Mo dín ẹran kù. Oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tó yẹ kí n máa lò lójoojúmọ́, mo bẹ̀rẹ̀ sí í fo ọjọ́ kan. Mo tún ń ká etí ṣòkòtò fún àwọn aráàdúgbò, bẹ́ẹ̀ ojú mi kò rí ihò abẹ́rẹ́ mọ́. Lẹ́yìn náà ni lẹ́tà wọn dé, pé bí n kò bá wá ṣàlàyé ara mi láàárín ọjọ́ mẹ́rìnlá, owó náà kò ní wọlé mọ́. Òun ni mo fi ń san owó ilé. Bó bá dáwọ́ dúró, ìta ló kù.

"Ẹ jẹ́ kí ẹnì kan nínú mọ̀lẹ́bí ọkọ yín wá síwájú mi," akọ̀wé náà ní, "kó fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ ọ́ pé ó ti kú, ọjọ́ tó kú, àti pé ẹ ò tíì fẹ́ ẹlòmíràn. Kì í ṣe ọmọ yín o. Ọmọ lè máa jẹ níbẹ̀."

Nínú mọ̀lẹ́bí ọkọ mi, ẹnì kan ṣoṣo ló kù, òun náà ló sì fa igi sínú àpótí yẹn.

Àbúrò rẹ̀ obìnrin ni. Òpéléńgé ni mo ń pè é láti ọjọ́ tí mo ti wọ ilé wọn, nígbà tó tẹ́ẹ́rẹ́. Ní báyìí, fẹ̀gbẹ́-fẹ̀gbẹ́ ló ń wọ ilẹ̀kùn ilé ìwẹ̀, ṣùgbọ́n orúkọ kò yí padà. Ó ti ṣe tíṣà rí, ìkọ̀wé rẹ̀ dára, nítorí náà òun ló ń kọ gbogbo fọ́ọ̀mù ẹbí. Èmi á kàn buwọ́ lù ú láìkà á. Ẹ̀bi tèmi nìyẹn.

Ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni mo gbà lọ tààrà. Ó ń ká aṣọ tó ti gbẹ.

"Ìyàwó, ṣé o ti jẹun?"

"Òpéléńgé, ẹ̀yin lẹ fún mi lọ́kọ."

Mo ro gbogbo ẹjọ́ náà fún un. Ó ń ká aṣọ lọ, kò wo ojú mi.

"Èmi ni mo fà á," ó ní. "Kí ni kí n fà? Àpótí tó kù, opó ni wọ́n kọ síbẹ̀. Ìyàwó wa ni ẹ́. Ṣé kí n wá fi ọwọ́ ara mi sọ ẹ́ di opó?"

"Ó ti pẹ́ tí mo ti di opó."

"Má sọ bẹ́ẹ̀ nínú ilé yìí."

Inú bí mi. Òpéléńgé kò wá síbi ìsìnkú, ó ní orúnkún ń dun òun. Láti ìgbà náà, bó bá ń sọ̀rọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀, bí ẹni pé ọkùnrin náà wà ní yàrá kejì ló ṣe ń sọ ọ́: "Bọ̀ọ̀dá kì í fẹ́ kí wọ́n ṣí fèrèsé yẹn." Gbogbo wa gbà fún un. A rò pé kò pa ẹnikẹ́ni lára.

"Ẹ wá bá mi kọ ọ́," mo ní. "Ọjọ́ mọ́kànlá péré ló kù."

"Wọ́n ní ìwé ikú lọ́wọ́. Kí wọ́n kà á."

Ó wọ yàrá, ó ti ilẹ̀kùn.

Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo padà lọ. Lákọ̀ọ́kọ́, ó ní ara òun kò yá. Lẹ́ẹ̀kejì, alájọgbé rẹ̀ ní ó ti jáde, bẹ́ẹ̀ mo rí i tí kọ́tìnì mì. Lẹ́ẹ̀kẹta, ìta ni mo dúró sí, mo bẹ̀ ẹ́ títí. Nígbà tó sú mi, mo sọ ohun tí kò yẹ kí n sọ. Mo ní ẹni tí kò jẹun mọ́ lẹ ń tọ́jú, ẹni tó ń jẹun lẹ fẹ́ lé síta. Mo lọ sílé, mo dùbúlẹ̀ tòun taṣọ. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ owó nìkan ló sú mi. Ó sú mi pé láti ọjọ́ tí ọkọ mi ti kú, iwájú akọ̀wé ni mo wà, n kò ráyè ṣọ̀fọ̀ rẹ̀.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kẹrìnlá, ẹnì kan kanlẹ̀kùn. Òpéléńgé ni. Ó ti wọ bàtà, ó mú báírò lọ́wọ́.

"Ìyàwó, yára. Kí n má baà yí ọkàn padà."

A wọ bọ́ọ̀sì. Nọ́ńbà mọ́kànléláàádọ́rin ni wọ́n fún wa. Akọ̀wé ọjọ́sí náà ló ti ìwé gba abẹ́ gíláàsì sí wa, ó sọ ohun tó yẹ kó kọ fún un. Òpéléńgé kọ orúkọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó dùn ún wò. Ó wá dúró. Ọkùnrin kan lẹ́yìn wa pòṣé. Mo yí padà, mo wò ó láti orí dé ẹsẹ̀, ó gbójú sókè sí fáànù.

"Ẹ kọ ọjọ́ tó kú, mà," akọ̀wé ní.

"Mo mọ̀ ọ́n. Ọjọ́ Tuesday ni. Aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá."

Èmi tí mo dì í lọ́wọ́ mú lọ́jọ́ náà, n kò wo aago. N kò mọ̀ pé ó bi àwọn nọ́ọ̀sì. Ó kọ ọ́ díẹ̀díẹ̀, tíṣà tó fi ọgbọ̀n ọdún kọ́ ọmọ ní ìkọ̀wé, lẹ́tà rẹ̀ ń wọ́ bíi ti ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọ. Akọ̀wé kà á, ó lu òǹtẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì.

"Ó ti parí. Owó yín ò ní dúró. Èyí tí wọ́n ti yọ jù á padà wá láàárín oṣù mẹ́ta."

"Ó ti parí?" Òpéléńgé ní.

"Ó ti parí, mà. Nọ́ńbà méjìléláàádọ́rin!"

Mo fà á lọ síbi àga tó wà létí ògiri. Bó ṣe jókòó ni ẹkún dé, irú èyí tó yẹ kó ti sun níbi ìsìnkú, ó la ẹnu sílẹ̀, gbogbo èèyàn ń wò wá.

"Ìyàwó, mo ti pa á," ó ní. "Ọdún méjì ni mo fi dì í mú. Mo wá fi ọwọ́ ara mi pa á."

Mo ti tọ́jú ọ̀rọ̀ líle sílẹ̀ fún un, ọ̀rọ̀ ọdún méjì. Mo wá a nínú mi, n kò rí i. Mo di ọwọ́ rẹ̀ mú.

"Ẹ kò pa á, Òpéléńgé. Ẹ máa sunkún yín. Èmi náà ò tíì sun tèmi."

A jọ jókòó síbẹ̀, a ń sunkún, títí wọ́n fi pe nọ́ńbà àádọ́rùn-ún.