Ilé Tí Mo Kọ́ fún Ekòló

Mo wà lórí eékún ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, mo ń fi ṣíbí kó ekòló, nígbà tí ìyàwó mi ṣílẹ̀kùn yàrá. Ilẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń mọ́ ni. Ekòló ti tò láti ẹnu ọ̀nà ilé ìdáná dé ìdí àga. Àwọn kan ti gun bàtà mi. Àwọn kan ti kú.

"Bàbá wọn."

"Hùn."

"Ṣé ṣíbí ọbẹ̀ mi kọ́ nìyẹn?"

Mo wo ṣíbí náà. Òun ni.

"N ó fọ̀ ọ́."

"Ẹ má wulẹ̀ fọ̀ ọ́. Ẹ máa fi bọ́ àwọn ìyàwó yín tuntun."

Ó ká ìró sókè, ó gbẹ́sẹ̀ kọjá lórí wọn, ó wọ ilé ìdáná lọ. Kò rẹ́rìn-ín. Ibẹ̀ ni mo ti mọ̀ pé ọ̀rọ̀ wà.

Bíríkìlà ni mí. Mo ti fẹ̀yìn tì, ṣùgbọ́n àdúgbò ṣì ń pè mí ní Gúnrégé, nítorí n kì í fi ògiri tó wọ́ sílẹ̀. Orúkọ yẹn dùn mọ́ mi. Òun náà ló kó bá mi.

Aránṣọ ni ìyàwó mi. Nígbà tí ojú rẹ̀ kò gbé abẹ́rẹ́ mọ́, ó ní òun yóò máa gbin ata àti tòmátì sí ẹ̀yìnkùlé. Ó gbìn ín, kò hù. Ó tún un gbìn, ó hù, ó sì gbẹ. Ilẹ̀ ẹ̀yìnkùlé wa le bí orí mi. Òun ló sọ bẹ́ẹ̀. Mo lọ fi ọkọ́ dán an wò. Ọkọ́ ló tẹ̀.

Ọmọbìnrin wa gbọ́. Ilẹ̀ tó yí ilé tirẹ̀ ká dúdú, ó sì fẹ̀. Ó ní kí ìyá òun kó ẹrù, kó máa bọ̀ wá gbé lọ́dọ̀ òun. Nígbà tó yá, níbi tí a ti ń jẹun, ìyàwó mi ní bí òjò ọdún yìí bá tán tí ata kan ṣoṣo kò dúró lẹ́yìn ilé, òun yóò lọ.

Ọkùnrin mìíràn ì bá ní, "Má lọ." Mo ní kó bá mi mú iyọ̀.

Òpópónà tó wà lẹ́yìn tiwa ni Ìyá Ọlọ́gbà ń gbé. Ẹ̀fọ́ ló ń gbìn jẹun, ilẹ̀ rẹ̀ kò sì ju tiwa lọ. Mo lọ bá a. Ó bu ekòló fún mi sínú ike ọ̀dà, pẹ̀lú ìdọ̀tí dúdú tí wọ́n ń gbé nínú rẹ̀. Ó ní kí n wá àpótí pákó, èyíkéyìí, kí n lu ihò sí i nídìí. Kí n ya bébà sínú rẹ̀, kí n wọ́n omi díẹ̀ sí i, kí n sì máa fi èèpo èso bọ́ wọn. Ohun tí wọ́n bá jẹ ni wọn yóò yà. Ohun tí wọ́n bá yà ni ajílẹ̀.

"Àpótí pákó kẹ̀?"

"Àpótí pákó, Ọ̀gá. Àlòkù náà dára."

Mo gbọ́ ọ dáadáa. Mo kàn rò pé kò mọ ẹni tó ń bá sọ̀rọ̀ ni. Kí ohun ẹlẹ́mìí wà nílé Gúnrégé, kó máa gbé inú àpótí àlòkù? Kí ni wọn yóò wí lẹ́yìn mi?

Mo ra símẹ́ńtì. Mo na okùn. Mo to búlọ́ọ̀kù mọ́ ògiri ilé ìdáná lóde, mo rẹ́ ẹ nínú, mo rẹ́ ẹ lẹ́yìn, mo fi irin dán an títí ó fi ń kọ mọ̀nà. Mo fi pákó da ìdérí símẹ́ńtì sí i. Ilé tí èmi àti ìyàwó mi kọ́kọ́ gbé kò dára tó bẹ́ẹ̀. Mo pè é kó wá wò ó.

"Ó dára," ó ní. "Fèrèsé ńkọ́?"

"Ekòló kì í yọjú lójú fèrèsé."

"Mo kàn bi yín ni."

Símẹ́ńtì náà kò tíì gbẹ dénú tí mo fi da ekòló sí i. Símẹ́ńtì tútù a máa jẹ ènìyàn lára. Mo mọ̀. Ní gbogbo ìgbà tí mo fi ṣiṣẹ́ ni mo fi ń fi òróró pa ọwọ́ nítorí rẹ̀. Kò sọ sí mi lọ́kàn pé ekòló kò ní bàtà. Mo tún wá bu omi sí i, kí ara lè tù wọ́n. Omi náà kò ríbi gbà jáde. Ẹni tó rẹ́ ẹ mọ iṣẹ́.

Ohun tó kó wọn wá sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ nìyẹn. Wọ́n gba abẹ́ ìdérí jáde, wọ́n gba abẹ́ ilẹ̀kùn wọlé wá bá wa.

Nígbà tí mo kó àwọn tó yè sínú ike tán, mo lọ pe Ìyá Ọlọ́gbà. Ó dé, ó ṣí ìdérí, ó tẹjú mọ́ ọn.

"Ọ̀gá, ta ló kú?"

"Kò sẹ́ni tó kú."

"Ibojì ta wá nìyí?"

Ìyàwó mi bú sẹ́rìn-ín nínú ilé ìdáná. Ó ti pẹ́ tí mo gbọ́ ẹ̀rín náà kẹ́yìn. Mo ní kí wọ́n máa rín mi lọ.

"Àwọn àgbà ní ekòló tó bá júbà ilẹ̀, ilẹ̀ á lanu fún un," Ìyá Ọlọ́gbà ní. "Ẹ̀yin wá fi símẹ́ńtì dí ilẹ̀ lẹ́nu."

"Mo lè lu ihò sí i."

"Ẹ fi ihò sílẹ̀. Ẹ wó o."

Ilé tí mo ti kọ́ láyé mi pọ̀. N kò wó èyí tí mo kọ́ rí. Mo yíjú sí ìyàwó mi bóyá yóò gbè mí. Ó ń bó ọ̀gẹ̀dẹ̀. Ó ní, "Òòlù yín wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn."

Mo bẹ̀rẹ̀ láàárọ̀. Ọ̀sán pọ́n, ògiri kan ṣì dúró, ó ń wò mí. Ẹni tó kọ́ ọ kò ro ti arúgbó tí yóò wó o. Ìyá Ọlọ́gbà ti lọ sílé, ó ti jẹun, ó tún ti padà wá wòran.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, Ọ̀gá. Ẹ̀yin àti ta lẹ jọ ń jà?"

Mo tún gbé òòlù sókè.

Àwọn pákó tí mo fi da ìdérí náà ni mo kàn pọ̀ ṣe àpótí. Èmi kì í ṣe káfíńtà, àpótí náà sì jẹ́rìí sí i. Ó fi apá kan rọ̀ bí ẹni tí etí ń dùn. Ìṣó yọrí níbi tí kò yẹ. Mo ya bébà, mo wọ́n omi, mo da àwọn tó kù sí i. Wọn kò jáde mọ́. Wọ́n gbádùn ibẹ̀ dé ibi pé ó ń bí mi nínú.

Mo mú òòlù kí n tún un ṣe. Ìyàwó mi gbà á lọ́wọ́ mi.

"Ó wọ́ sápá òsì," mo ní.

"Àwọn tó ń gbé inú rẹ̀ kò fẹjọ́ sùn."

N kò mọ ìgbà tó bẹ̀rẹ̀ sí í bọ́ wọn. Mo kàn bá a lọ́jọ́ kan lórí àpótí ìjókòó, ó ń fi sísọ́ọ̀sì tó fi ń gé aṣọ gé èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́, ó ń to bébà bí ẹni fẹ́ gé apá ẹ̀wù.

"Ẹnu wọn kéré," ó ní. N kò sì tíì bi í.

Ọmọ wa pè mí lórí fóònù.

"Bàbá mi, ẹ sọ fún màámi pé ẹ kò fẹ́ kí wọ́n wá. Ẹ sọ ọ́ lẹ́nu."

"Mo ń tọ́jú ekòló."

"Bàbá!"

"Ó dàárọ̀ o." Ọ̀sán ni.

Ajílẹ̀ náà dúdú, ó sì fúyẹ́ lọ́wọ́. A pò ó pọ̀ mọ́ ilẹ̀ líle yẹn, ìyàwó mi gbin ata. Àwọn kan kú. Adìyẹ aládùúgbò gba tirẹ̀. Nígbà tí òjò ń kásẹ̀ nílẹ̀, ọ̀kan ló kù. Mo gún igi fún un. Igi náà tọ́. Ata náà kò tọ́.

Ìyàwó mi jáde wá wò ó. Mo ti rí báàgì rẹ̀ lẹ́bàá ibùsùn láàárọ̀.

"Ṣé èyí ni kí n pè ní ata tó dúró?"

"Ó ń gbìyànjú."

"Igi ló gbé e dúró."

"Ta ni nǹkan kò gbé dúró?"

Ó wò mí. Mo rò pé ìyẹn ti tó. Kò tó.

"Bàbá wọn, mo ti di ẹrù."

"Mo rí i. Ta ni yóò máa bọ́ ekòló?"

"Ekòló ló fẹ́ kí n dúró?"

"Ekòló ni."

"Ekòló nìkan?"

Mo ti gbé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì dúró rí. Gbólóhùn kan kọ̀, kò dúró lẹ́nu mi. Mo wo ògiri. Ògiri náà gún régé. Kò ràn mí lọ́wọ́.

"Kì í ṣe ekòló nìkan."

"Ta ló tún kù?"

"O mọ ẹni tó kù."

"N kò mọ̀ ọ́n. Ẹ dárúkọ rẹ̀."

"Èmi."

"Ẹ̀yin kí ni?"

"Èmi náà kò fẹ́ kí o lọ."

Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó tún okùn ata náà so, nítorí mo so ó le jù.

"Ẹ wa gbólóhùn yẹn bí ẹni ń wa kànga," ó ní. "N ó lọ kí ọmọ mi, n ó sì padà. Ṣùgbọ́n bí mo bá dé tí mo bá nǹkan kan tí ẹ kọ́ síbí, ẹnu ọ̀nà ni n ó ti yí padà."

"N kò ní kọ́ nǹkan kan."

"Ẹ búra."

Mo búra. Ó lọ, ó sì padà dé.

Ààbọ̀ àpò símẹ́ńtì ló ṣẹ́kù lábẹ́ àtẹ̀gùn. Ó ti di òkúta.