Ilẹ̀ Òkè Tí Mo Gbin Tòmátò Sí

Ẹ má bínú, ó ti rẹ̀ mí. Ẹni ọdún mọ́kàndínláàádọ́rin ni mí, láti ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni mo ti ń ká ólífì, mi ò sì tíì rí ohun tó ń rẹ èèyàn bíi kó máa wo igi tó ń kú díẹ̀díẹ̀. Ewúrẹ́ tó ń ṣàìsàn á ké. Igi kì í ké. Ẹ̀ka kan ṣoṣo ni yóò kọ́kọ́ ká ewé rẹ̀ jọ, ewé náà á pọ́n bí tábà, kò ní já bọ́, á kàn rọ̀ síbẹ̀. Ẹ̀ka tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ á ṣì tutù yọ̀yọ̀. Ẹ ó ní òtútù ló mú un. Tó bá di ọdún kejì, ìlàjì igi ti lọ.

Gbígbẹ là ń pè é níbí, ní Fuenteparda, abúlé wa ní ilẹ̀ Sípéènì. Ọmọ ìyá ohun tó ń mú kí búrẹ́dì bu ni wọ́n ní ó jẹ́. Inú erùpẹ̀ ló ń gbé, gbòǹgbò ló ń gbà wọlé, á sì dí ọ̀nà omi nínú igi títí òùngbẹ á fi pa igi náà, bí òjò tilẹ̀ ń rọ̀ lé e lórí. Kò sí oògùn rẹ̀.

Láàárín ọdún mẹ́ta, igi mẹ́rìnlélọ́gọ́rin ló gbẹ mọ́ wa lọ́wọ́ ní ilẹ̀ ìsàlẹ̀. Mo ní Ginés ọkọ mi ló jẹ̀bi. Mo sọ ọ́ nílé, mo sọ ọ́ níbi tí a ti ń fún òróró, mo sọ ọ́ lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì. Ginés kì í rí koríko kó fi í sílẹ̀. Láyé àwọn bàbá wa, oko ólífì tí koríko bá wà lábẹ́ rẹ̀, oko ọ̀lẹ ni. Ilẹ̀ gbọ́dọ̀ mọ́ bí ilẹ̀ pálọ̀. Torí náà, ẹ̀ẹ̀mẹrin lọ́dún ni Ginés ń gun katakata rẹ̀, á túlẹ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀, àwọn tó ń kọjá á dúró, wọ́n á ní, "Ọkùnrin yìí mà le o!" Orí rẹ̀ á wú. Irin katakata yẹn ló ń kó erùpẹ̀ láti ìdí igi kan lọ sí ìdí òmíràn, tó tún ń gé gbòǹgbò kí àrùn lè ríbi wọlé.

"Ìwọ lo pa wọ́n," ni mo máa ń sọ fún un. "Ìwọ àti katakata rẹ."

"Ó dáa, Eufrasia."

Ó dáa, ó dáa. Kì í bá mi jà. Ìyẹn gan-an ló ń bí mi nínú.

Obdulia, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, ló ń gbèjà rẹ̀. "Ìyàwó wa, ṣé o ò ní jẹ́ kí àbúrò mi sinmi ni? Ìwọ nìkan lo mọ oko?"

"Èmi kọ́ ni mo gun katakata."

"Ẹnu rẹ ni ìwọ ń gùn. Kò sì ní bíréèkì."

Bá a ṣe ń bá a lọ nìyẹn, títí di oṣù kẹwàá ọdún tó kọjá, nígbà tí ẹgbẹ́ àgbẹ̀ pè wá sípàdé. Araceli ló wá bá wa sọ̀rọ̀, ọmọbìnrin kan tó kàwé nípa àìsàn igi, tí kò sì fi ìwé rẹ̀ yangàn sẹ́nikẹ́ni. Ẹnì kan bi í pé níbo ni gbígbẹ yìí ti ń wá. Ó ní òwú ń gbé e, ìgbá ń gbé e, ṣùgbọ́n ní àwọn abúlé bíi tiwa, tòmátò ni. Ó ní ilẹ̀ tí tòmátò tó ní àrùn yìí bá ti hù rí, àrùn náà lè wà nínú erùpẹ̀ ibẹ̀ ju ọdún mẹ́wàá lọ, láìjẹ láìmu.

Ọdún mọ́kànlélógún ni mo fi gbin tòmátò sí ilẹ̀ òkè, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìsun omi. Gbogbo obìnrin abúlé wa ló ń ṣe é, ibi tí omi bá ti wà la máa ń gbìn ín, tó bá di oṣù kẹjọ a ó sè é, a ó rọ ọ́ sínú ìgò, a ó sì tọ́jú rẹ̀ di ìgbà òtútù. Àwọn kan nínú tèmi máa ń rọ kí wọ́n tó so, ewé apá kan á pọ́n. Mo máa ń fà wọ́n tu. Mo sì máa ń kó wọn lọ dà sí ìdí ólífì nísàlẹ̀ kó lè jẹ́ ajílẹ̀, torí ìyá mi kọ́ mi pé a kì í da ohun tí ilẹ̀ lè jẹ nù. Mo rò pé oore ni mò ń ṣe igi. Gbogbo ọdún tí mo fi ń na ìka sí Ginés, ọwọ́ mi ni mo fi gbé ikú lọ síbẹ̀. Katakata kàn bá mi pín in kiri ni.

Mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni. Ojú ń tì mí, òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ ìtìjú nìkan ni, ǹ bá ti gbé e mì.

Tíscar ni ìṣòro mi. Ọmọ wa kan ṣoṣo ni. Ó ti lo ogún ọdún ní Barcelona, ó ń tún yàrá ṣe ní hòtẹ́ẹ̀lì, eékún rẹ̀ sì ti bàjẹ́. Ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn ìpàdé yẹn ló fóònù. "Màmá, ó ti sú mi. Wọ́n ń gbé mi lọ síbi ìfọṣọ. Mo fẹ́ wálé. Ẹ jẹ́ kí n gbin ólífì tuntun sí ilẹ̀ òkè, èmi àti Bàbá." Mo ní kó máa bọ̀. Kí ni ẹ fẹ́ kí n sọ? Ogún ọdún tí mo ti ń dúró de ọ̀rọ̀ yẹn. Bí mo bá la ẹnu mi, ọmọ mi kò ní wálé. Bí mo bá dákẹ́, yóò wálé, yóò gbin igi, nígbà tó bá sì fi máa pé ẹni àádọ́ta ọdún, yóò máa wò wọ́n bí wọ́n ṣe ń gbẹ. Mo dákẹ́.

Lọ́jọ́ Sátidé kan nínú oṣù kejì, gbogbo wa gòkè lọ síbẹ̀. Tíscar ti dé lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú. Araceli wá yẹ ilẹ̀ náà wò kí a tó gbin nǹkan kan, ó mú irin tí wọ́n fi ń gbẹ́ erùpẹ̀ wá, pẹ̀lú ìwé tó fẹ́ kọ nǹkan sí. Obdulia jókòó sórí òkúta, ó ń bó ọsàn. Tíscar ń fi ẹsẹ̀ wọn ilẹ̀, ó ń ka ìṣísẹ̀ rẹ̀ sókè.

"Ìlà àkọ́kọ́ máa bẹ̀rẹ̀ níbí, Màmá! Ẹ wá wò ó!" Ó ń rẹ́rìn-ín. Mi ò gbọ́ irú ẹ̀rín yẹn lẹ́nu rẹ̀ láti ìgbà tó ti lọ.

Araceli wo ìwé rẹ̀. "Ẹ jọ̀ọ́, kí lẹ ti gbìn síbí rí?"

Kí n tó mí, Ginés ti dáhùn. "Bálì."

"Bálì nìkan, sà?"

"Bálì nìkan."

Mo yíjú wò ó. Bàtà rẹ̀ ló ń wò. Obdulia la ẹnu, Ginés gbójú sókè sí i lẹ́ẹ̀kan péré, ó sì pa ẹnu náà dé. Obdulia tí kì í panu mọ́ níbi ìsìnkú pàápàá! Nígbà yẹn ló yé mi pé àwọn méjèèjì ti mọ̀ pé tòmátò mi ló fà á. Araceli ń kọ ọ́ sílẹ̀. Tíscar ti dé ìlà kẹta.

"Tòmátò ni," mo ní.

"Eufrasia," Ginés ní.

"Fi mí sílẹ̀. Tòmátò ni, ọmọ mi. Ọdún mọ́kànlélógún. Ọwọ́ mi ni mo fi gbìn ín, èyí tó bá sì rọ, ìdí ólífì ìsàlẹ̀ ni mò ń dà á sí."

Araceli gbé bírò rẹ̀ kúrò lórí ìwé. Kò bá mi wí. Ì bá sàn kó bá mi wí. "A ó yẹ erùpẹ̀ náà wò," ó ní, "ṣùgbọ́n mi ò ní tàn yín, mà. Àwọn irú ólífì kan wà tó máa ń bá a fà á, ṣùgbọ́n nínú irú ilẹ̀ báyìí, ká ní ilẹ̀ ìyá mi ni, mi ò ní gbin ọ̀kankan sí i. Bálì lẹ lè gbìn."

"Bálì ibí yìí?" Obdulia ní. "Kò lè bọ́ adìyẹ méjì."

Tíscar dúró síbi tó wà, ẹsẹ̀ rẹ̀ kan wà níwájú, èkejì wà lẹ́yìn. Kò kà mọ́.

Mo dojú kọ Ginés. "Láti ìgbà wo lo ti mọ̀?"

"Láti ọdún àkọ́kọ́. Ẹni tó bá mi gé àwọn tó kọ́kọ́ gbẹ ló sọ fún mi."

"O wá jẹ́ kí n máa pè ọ́ ní apani lójú gbogbo ayé?"

"Katakata náà ṣáà wà níbẹ̀." Ó gbé ẹ̀wù rẹ̀ sí èjìká. "Kí ni kí n wá sọ, Eufrasia? Tòmátò yẹn la fi tọ́ ọmọ yìí dàgbà. Lọ́dún tí yìnyín ba ólífì jẹ́, kí la jẹ?"

Mo bú sẹ́kún. Inú ń bí mi sí i, inú ń bí mi sí ara mi, mo sì nífẹ̀ẹ́ rẹ̀ débi pé ó ń dùn mí. "Ọ̀dájú ni ọ́," mo wí fún un.

"Ó dáa," ó ní.

Araceli lọ. A jẹ búrẹ́dì àti òróró lórí ìdúró. Tíscar ló fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́ bí a ṣe ń sọ̀ kalẹ̀: òun máa gba iṣẹ́ ibi ìfọṣọ náà, ọjọ́ Ajé ni wọ́n ń retí èsì.

Bọ́ọ̀sì aago mẹ́rin ló wọ̀ lọ́jọ́ kejì. Mo sìn ín dé ìdíkọ̀. Mo ń tún kọ́là rẹ̀ ṣe bí ẹni pé ọmọ ọdún méje ni, ó sì jẹ́ kí n tún un ṣe.

"Ṣé ò ń bínú sí mi?"

"Rárá, Màmá. Ì bá burú jù bẹ́ẹ̀ lọ tí mo bá ti gbìn wọ́n." Ó gbé báàgì rẹ̀. "Ó kàn jẹ́ pé ẹ̀ bá ti sọ fún mi lórí fóònù, nígbà tí mo kọ́kọ́ pè yín. Kí n tó fi ẹsẹ̀ wọn ilẹ̀ náà."

Ó wọlé, ó jókòó sójú fèrèsé apá kejì, níbi tí mi ò ti lè rí ojú rẹ̀.